KÁPÚSÙ KỌ́ NI ÀYẸ̀WÒ, SÍTÁÀFÙ KỌ́ NI ÀTỌ̀SÍ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ kí a sọ ọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ tí a fi í pamọ́ sí náà ni ó ti ń rà, tí ó sì ń ba ilé onílé jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: ẹnì kan bá ẹlòmíràn lò pọ̀, ó lo rọ́bà ìdáàbòbò, ó sì rò pé òun ti yọ. Lọ́jọ́ kejì tàbí lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ ń ta á, tàbí ojú ara ń yún un, tàbí ó rí nǹkan kan níbẹ̀ tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Oorun dá lójú rẹ̀. Kò lè sọ fún aya, kò lè sọ fún ọ̀rẹ́, kò sì lè sọ fún àáfà. Níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ? Láti Èkó dé Ìlọrin, láti Abẹ́òkúta dé Òṣogbo, ibì kan náà ni: ilé ìtajà oògùn tí ó wà ní ìkángun àdúgbò, ní àṣálẹ́, nígbà tí ojú ènìyàn bá ti dín kù lójú ọ̀nà.

Kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ẹni tí ń ta oògùn kò ní bi í ju ìbéèrè kan lọ, ìbéèrè náà sì ni, "Ẹ̀gbọ́n, èló ló wà lọ́wọ́ yín?" Bí owó bá ṣe tó ni oògùn yóò ṣe tó. Yóò ka kápúsù pupa àti yẹ́lò mélòó kan sínú ìwé, yóò fi Ampiclox kún un, bí owó bá sì tún kù, abẹ́rẹ́ kan yóò tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà yóò gbé oògùn rẹ̀ mì, ara yóò rọ̀ ọ́ díẹ̀, yóò sì gbà pé ó tán. Ṣé lóòótọ́ ni ó tán? Kí ni ó tilẹ̀ ń ṣe é? Ta ni ó mọ̀?

Àṣà yìí ni a ń bá jà nínú àpilẹ̀kọ yìí. A ń bá olóògùn tí ń fi ìfòyà ènìyàn jẹun jà. A ń bá oníwàásù tí ń fi irọ́ dẹ́rù ba ìjọ jà. A sì ń bá ọkọ tí ń wo ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn jà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́ o. Ìdúró wa lórí àgbèrè kò yí padà, ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n, a kò sì ní tún un kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ní ibi tí a ń gbé e lọ, àrùn náà sì ní ibi tirẹ̀. Ẹni tí ó gbé àrùn lọ síbi tí a ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ lọ kò tíì wo àrùn. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lo rọ́bà ni alágbèrè. Tọkọtaya wà tí wọ́n ń lò ó kí ọmọ má bàa tẹ̀ lé ọmọ, àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀kan nínú wọn ti ní kòkòrò HIV tí wọ́n fi ń dáàbò bo èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tiwa. A ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé rọ́bà kò wúlò rárá, pé ihò wà lára rẹ̀ tí HIV ń gbà kọjá bí ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ń bọ́ nínú àwọ̀n. Irọ́ gbáà ni. Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni ó sì ń pa á: ní 2003, Kádínà Alfonso López Trujillo ti Vatican sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ta kò ó pé kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tí kò ya kì í jẹ́ kí HIV kọjá. Ìwádìí tí a kó jọ lórí tọkọtaya tí ọ̀kan ní kòkòrò náà fi hàn pé lílo rọ́bà ní gbogbo ìgbà ń dín àkóràn kù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ jìnnà sí àgbèrè, kí ó sọ òtítọ́ fún un. Nítorí lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́ náà bá rí i pé irọ́ ni àáfà pa fún òun lórí rọ́bà, òótọ́ mìíràn wo ni yóò tún gbà lẹ́nu àáfà náà?

Àmọ́, ẹni tí ó ń sọ pé rọ́bà bo ohun gbogbo, irọ́ ni òun náà ń pa. Ọ̀nà tí àrùn kọ̀ọ̀kan ń gbà wọ ara yàtọ̀ síra. Àtọ̀sí, chlamydia àti HIV, inú omi ara ni wọ́n ń gbé rìn, ìdí nìyí tí rọ́bà fi lágbára sí wọn. Ṣùgbọ́n sífílíìsì, herpes, àti fáírọ́ọ̀sì HPV tí ń mú kí ẹran wú lára, tí àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, awọ ara sí awọ ara ni wọ́n ń gbà. Rọ́bà kò lè dáàbò bo ibi tí kò bò. Bí egbò bá wà ní ìsàlẹ̀ rọ́bà, tàbí ní itan, tàbí ní ẹnu, kí ni rọ́bà yóò ṣe sí i? Àtọ̀sí tilẹ̀ ń gbé inú ọ̀fun, ẹni tí ó ní in níbẹ̀ lè má mọ̀ rárá.

Ẹ tún wo bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń lò ó. Wọn yóò fi í sínú àpò ìjókòó ṣòkòtò fún oṣù mẹ́ta, ooru yóò ti sè é. Wọn yóò fi Vaseline tàbí òróró àgbọn tàbí òrí pa á kí ó lè yọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ń jẹ rọ́bà, ó ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Àwọn kan á wọ méjì lé ara wọn, wọ́n rò pé méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, méjèèjì yóò sì máa ha ara wọn títí wọn yóò fi ya. Àwọn kan kò ní wọ̀ ọ́ àfi ìgbà tí eré bá ti dé ìdajì. Irú wọn ni yóò wá máa sọ ní ọ̀la pé, "Mo mà lo rọ́bà o."

Nítorí náà, ìfòyà ẹni tí ó lo rọ́bà kì í ṣe òmùgọ̀ nígbà gbogbo, kì í sì í tọ̀nà nígbà gbogbo. Ohun tí ó burú ni pé ó fẹ́ fi àmì ara rẹ̀ ṣe adájọ́, àmì ara kò sì mọ ẹjọ́ dá. Bí ìtọ̀ bá ta ènìyàn ní wákàtí mẹ́fà sí ìbálòpọ̀, àtọ̀sí kọ́ nìyẹn, nítorí àtọ̀sí sábà máa ń gba ọjọ́ méjì sí méje kí ó tó fara hàn lára ọkùnrin. Chlamydia a máa gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Egbò sífílíìsì, tí kì í dun ni, lè gba ọjọ́ 10 títí dé 90. Ọṣẹ olóòórùn, ìfarakínra líle, ara tí kò gba èròjà rọ́bà, omi tí ènìyàn kò mu tó, tàbí àrùn àpò ìtọ̀ tí kò bá ìbálòpọ̀ tan, gbogbo ìwọ̀nyí ń mú kí ìtọ̀ ta ni. Àníyàn fúnra rẹ̀ sì ń ṣe é. Ọkùnrin tí ó ń wọ ilé ìwẹ̀ ní wákàtí wákàtí, tí ó ń fún ojú ara rẹ̀ láti wò bóyá ọyún yóò jáde, tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ibẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì máa ta á, omi díẹ̀ sì lè máa jáde níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ dá àmì tí ó ń bẹ̀rù sílẹ̀.

HIV ní tirẹ̀, bí ó bá fẹ́ fi ara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin ni, ibà sì ni: ara gbígbóná, ọ̀fun dídùn, oríkèé ríro. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn kò jẹ́ kí a sùn, ta ni ibà kì í ṣe láàárín oṣù kan? Bí ó bá jẹ́ ibà ni ẹlẹ́rìí, gbogbo wa ni ó ti jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìrí àmì kì í ṣe ìdáláre. Ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin tí ó ní chlamydia ni kò ní àmì kankan, bí ìdajì obìnrin tí ó ní àtọ̀sí náà kò sì ní í mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, àkóràn tuntun mílíọ̀nù 374 ni ó wáyé ní àgbáyé láti ara àrùn mẹ́rin tí ó ní ìwòsàn: chlamydia, àtọ̀sí, sífílíìsì àti trichomoniasis. Bí gbogbo wọn bá ń kígbe ni, ilé ayé ì bá ti di etí.

Nísinsìnyí, kí a bọ́ sórí kápúsù. Ẹni tí kò mọ ìtàn àtọ̀sí ni yóò rò pé kápúsù tí ó wo bàbá rẹ̀ sàn ni yóò wo òun náà sàn. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940, oògùn sulfa ni wọ́n fi ń wo àtọ̀sí. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí kòkòrò náà fi kọ̀ ọ́. Penicillin dé ní 1943, gbogbo ayé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ń pọ̀ sí i, títí ó fi di 1976, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí àtọ̀sí tí ó ń ba penicillin jẹ́ kí penicillin tó bà á. Irú méjì ni wọ́n rí. Ọ̀kan, Ìlà Oòrùn Éṣíà ni wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé. Èkejì ńkọ́? Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ni. Lẹ́yìn náà ni tetracycline lọ. Ciprofloxacin náà tẹ̀ lé e: ní 2007 ni àjọ tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lílò rẹ̀ fún àtọ̀sí dúró. Ní 2018, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àtọ̀sí tí abẹ́rẹ́ ceftriaxone àti azithromycin papọ̀ kò ràn, méjèèjì sì ni ìrètí ìkẹyìn nígbà náà.

Kápúsù pupa àti yẹ́lò tí ẹ ń rà ní àṣálẹ́ yìí, tetracycline ni. Ohun tí ayé ti fi sílẹ̀ fún àtọ̀sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni olóògùn ń kà sọ́wọ́ yín. Ampiclox, ìdílé penicillin ni, kì í sì í ṣe òun ni dókítà ń lò fún chlamydia. Kò sí èyí tí ó lè pa fáírọ́ọ̀sì nínú wọn, ì báà ṣe HIV, ì báà ṣe herpes. Àwọn ọmọbìnrin wa kan tilẹ̀ ń gbé Ampiclox mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ pé kí oyún má bàa dúró. Oògùn kòkòrò kì í dá oyún dúró. Ta ni ó kọ́ wọn?

Ewu tí ó ju gbogbo èyí lọ ni pé ààbọ̀ oògùn ń fi àrùn pamọ́. Oògùn tí kò tó yóò pa kòkòrò tí ó rọ, yóò fi èyí tí ó le sílẹ̀ láti bímọ. Ọyún yóò dá, ìtọ̀ kò ní ta mọ́, bí ẹni náà bá sì wá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì rẹ̀, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ nǹkan wà. Kápúsù tí ó gbé mì ti fọ́ ojú àyẹ̀wò.

Àwọn kan wà tí wọ́n tún burú ju oníkápúsù lọ. Àwọn ni wọ́n gba orí rédíò, tí wọ́n gba inú ọkọ̀ èrò, tí wọ́n ń gbé gbohùngbohùn kiri ọjà, tí orúkọ kan kì í kúrò lẹ́nu wọn: sítáàfù. Sítáàfù ni ó ń jẹ́ kí ìtọ̀ ta ọ. Sítáàfù ni ó ń rìn bí èèrà lára rẹ. Sítáàfù ni kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ lóyún. Obìnrin tí o bá sùn ni ó kó o ràn ọ́, rọ́bà kò sì lè dá a dúró! Ìgò àgbo wọn sì wà nílẹ̀, owó rẹ̀ sì le.

Kí ni sítáàfù yìí? Staphylococcus ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Kòkòrò tí ń gbé lára awọ àti inú imú ni. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ara wọn le koko, bí ẹni mẹ́ta ni ó ń gbé irú rẹ̀ tí a ń pè ní aureus nínú imú láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó lè fa eéwo, ó lè wọ inú egbò, bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ó lè pa ènìyàn, a kò sọ pé ọ̀rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn àrùn ìbálòpọ̀. Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í ṣe àbúrò àtọ̀sí. Nígbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ tí kò fọ̀ mọ́ gba ìtọ̀ tàbí àtọ̀ sínú ike àyẹ̀wò, sítáàfù ara awọ lè bá a wọlé, ilé àyẹ̀wò yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yìí ni wọn yóò wá gbé lé ọkùnrin tí ìfòyà ti gbé lọ́kàn lọ́wọ́, tí yóò fi máa ra ìgò lé ìgò. Ẹlòmíràn ti lo ọdún kan lórí sítáàfù tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé chlamydia gan-an ni ó ní, tí ó sì ń mu àgbo sítáàfù títí ilé ọmọ fi bàjẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ pàdánù owó. Ẹni kejì pàdánù ọmọ.

A kò kó gbogbo oníṣègùn ìbílẹ̀ pọ̀ o. Àwọn tí ó mọ ewé mọ egbò wà, wọ́n sì mọ ibi tí agbára wọn mọ. Ẹni tí ó ń fi oògùn kan ṣoṣo wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, àtọ̀sí, sítáàfù àti àìrọ́mọbí ni a ń bá wí.

Àwa náà sì ti fi orúkọ kan bo ojú òtítọ́. Bí ojú ara bá ń yún obìnrin tí nǹkan sì ń dà lára rẹ̀, a ó ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni. Lóòótọ́, nǹkan lè máa yún obìnrin láìjẹ́ pé ó ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá. Olú kan tí ń hù lójú ara wọ́pọ̀ gidigidi, àrùn ìbálòpọ̀ kọ́ sì ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyún nìkan pe obìnrin ní alágbèrè. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí àti chlamydia kì í ti orí àga ilé ìyàgbẹ́ wọ ènìyàn lára. Wọn kì í pẹ́ kú bí wọ́n bá ti kúrò lára ènìyàn. Ọkọ tí ó bá sọ fún aya rẹ̀ pé ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni òun ti kó àtọ̀sí, ó mọ ibi tí ó ti kó o.

Ibi tí ó ká wa lára jù nìyí. Ọkùnrin yìí ti gbé kápúsù rẹ̀ mì, ìtọ̀ kò ta á mọ́, ó padà sórí ẹní ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kò ní rọ́bà, ìyàwó kò ní àmì, ìyàwó kò sì ní ìròyìn. Kòkòrò náà yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ wọ inú ilé ọmọ, láti ibẹ̀ dé inú ọpọ́n tí ẹyin ń gbà kọjá, yóò sì fi àpá dí i. Ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, ìyá ọkọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọmọ. Wọn yóò gbé obìnrin náà kiri. Wọn yóò fi omi wẹ̀ ẹ́, wọn yóò gbààwẹ̀ lé e lórí, ẹnìkan yóò ní ìyá rẹ̀ ni àjẹ́ tí ó di í ní inú. Orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́ ni àgàn. Bí oyún bá sì ráyè dúró sínú ọpọ́n tí ó ti bàjẹ́ yẹn, inú ọpọ́n náà ni yóò ti máa dàgbà títí yóò fi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì fẹ́ pa á. Bí ó bá bímọ láyọ̀ pẹ̀lú àtọ̀sí lára, ojú ọmọ lè kún fún ọyún láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì fọ́ bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sífílíìsì ni, ọmọ lè kú sínú. Gbogbo èyí, ọkùnrin kan mọ orísun rẹ̀, ó sì jókòó sí àárín ìpàdé ẹbí, ó di ọwọ́ mú àgbọ̀n, ó ní àwọn ń dúró de àkókò Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fẹ́ ìyàwó kejì fún un, kí òun náà lè wá mú ìpín tirẹ̀.

Ṣé ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìyàwó lọ́rùn ọkọ? Ẹ̀yin onímímọ̀ tí ẹ ń fi wákàtí méjì sọ ẹ̀tọ́ ọkọ lọ́rùn ìyàwó, ẹ dákun, ẹ fún èyí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pé kí ènìyàn bo àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, kí ó sì ronú pìwà dà, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wa ni. Ṣùgbọ́n àṣírí tí ń pa ẹlòmíràn kì í ṣe àṣírí mọ́, ìpalára ni. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, rọ̀ wá láti máa wá ìwòsàn. Kò yọ àrùn kan sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí a gbà kó o. Ọkọ kò tilẹ̀ ní láti ka ìwé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ síta kí ìyàwó tó gba ìtọ́jú. Gbólóhùn kan tó: "Dókítà rí àrùn lára mi, ó ní kí àwa méjèèjì jọ wá gba ìtọ́jú." Ìjà lè ṣẹlẹ̀. Ìjà sàn ju kí ọpọ́n ilé ọmọ dí lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà ní tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ìjọba kan wà tí a kò ní dárúkọ, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń ké láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin tí ẹ wá fún àtọ̀sí, ẹ lọ sí yàrá kẹrin." Ta ni yóò tún padà síbẹ̀? Àṣálẹ́ àti kápúsù ni nọ́ọ̀sì yẹn ń tajà fún. Ní ti HIV, òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi àrùn náà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu tàbí láti yọ ọ́ níṣẹ́. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tí ó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde síta ó sọ ohun tí ó pa á fún gbogbo ayé. A kò bá ìgbésí ayé Fẹlá ṣe, ṣùgbọ́n ìgboyà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ ni fún ìlú tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ àrùn náà rárá.

Kí wá ni kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ṣe? Bí rọ́bà bá ya tàbí ó yọ, tí ìfòyà HIV sì wà, kí ó sáré dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ kan náà ni ó sì dára jù. Oògùn kan wà tí wọn yóò fún un, ọjọ́ 28 ni yóò fi lò ó. Lẹ́yìn wákàtí 72, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Bí rọ́bà kò bá ya, kí ó fi oògùn sílẹ̀, kí ó sì takété sí ìyàwó títí yóò fi ṣe àyẹ̀wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àyẹ̀wò ìtọ̀ fún àtọ̀sí àti chlamydia yóò sọ òótọ́. Àyẹ̀wò HIV tí a fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ṣe ní ilé àyẹ̀wò ńlá lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tí wọ́n ń gún ìka fún lè gba títí di ọjọ́ 90. Sífílíìsì náà, kí ó tún un ṣe ní oṣù kẹta. Bí ọyún bá ti ń jáde tàbí egbò yọ, kò ní dúró de ọjọ́ kankan, dókítà ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àrùn wà lóòótọ́, ìwòsàn wà: abẹ́rẹ́ ceftriaxone fún àtọ̀sí, doxycycline ọjọ́ méje fún chlamydia fún ẹni tí kò lóyún, abẹ́rẹ́ penicillin olọ́jọ́ pípẹ́ fún sífílíìsì, tí kò tíì kọ oògùn yìí títí di òní. Ẹni tí ó ní HIV tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè kó o ran ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ má ṣe gé orúkọ oògùn láti inú ìwé yìí gbé lọ fún olóògùn àṣálẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tí àyẹ̀wò ti dá láre. A mọ irú rẹ̀. Ó ṣe àyẹ̀wò ní àkókò tí ó yẹ, kò sí nǹkan. Ó lọ sí ilé àyẹ̀wò kejì, kò sí nǹkan. Ó ṣe ìkẹta, ìkẹrin, ó ń wo ahọ́n rẹ̀ nínú dígí ní òwúrọ̀, ó ń fọwọ́ wá kókó lọ́rùn ní alẹ́. Èyí kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ mọ́. Wáswásì ni, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó ṣe àlùwàlá tí ó tún un ṣe ní ìgbà méje. Ẹ̀rí ọkàn ń dá a lẹ́bi ohun tí ó ṣe, ó sì ń wá ìyà rẹ̀ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ibi tí kò sí. Àyẹ̀wò ìkarùn-ún kò lè wo èyí. Kí ó wá dókítà tí ń tọ́jú àníyàn, kí ó sì lọ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Ẹlẹ́dàá rẹ̀ lórí ẹní ìkírun.

Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣítáàfù, ìbéèrè wa fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ tó gbé ìpolówó náà sáfẹ́fẹ́, ṣé ẹ bèèrè fún ìwé tí ó fi hàn pé àgbo inú ìgò yẹn ń wo ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò? Ẹ̀yin lémọ́mù tí ẹ sì ń béèrè fún àyẹ̀wò HIV àti ti irúfẹ́ ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó so yìgì, a gbóríyìn fún yín. Ẹ fi sífílíìsì, àtọ̀sí àti chlamydia kún un láti oṣù tí ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè ti ọkọ ìyàwó kí ẹ tó béèrè ti ìyàwó.